Ìbuwọ́lùwé Ìyá Ò-Tíì-Jinná

Ní ẹ̀yìn yàrá iṣẹ́-abẹ ilé-ìwòsàn kan, níbi tí ọ̀ọ̀dẹ̀ gígùn ti parí sí ara ògiri, yàrá kan wà tí fèrèsé rẹ̀ ga ju orí ènìyàn lọ. Ògiri rẹ̀ a máa làágùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìkòkò irin méjì ló wà níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ga tó àgbàlagbà, ilẹ̀kùn wọn sì ní ohun róbótó kan tí wọ́n ń yí bí ẹni ń yí ọwọ́ ọkọ̀. Inú wọn ni wọ́n ti ń fi ooru se ọ̀bẹ, ẹ̀mú, sísọ́ọ̀sì àti aṣọ tí àwọn dókítà fi ń ṣiṣẹ́, kí kòkòrò àrùn má baà bá wọn wọ ara aláìsàn. Obìnrin tó ń ṣàkóso yàrá náà lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n níbẹ̀.

Ìyá Ò-Tíì-Jinná ni àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn pé, “Màmá, ṣé ó ti ṣe tán?” ìdáhùn rẹ̀ kì í yàtọ̀: “Ò tíì jinná.” Dókítà tó ti fọwọ́ tán, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá ká mọ́, a máa kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ìyá, ṣé ẹran màlúù lẹ̀ ń sè níbẹ̀ ni?”

“Ẹran tí ò bá jinná, inú rírun lásán ni,” lòun á wí láìyíjú padà. “Tèmi ńkọ́? Ẹ dúró.”

Wọn á dúró. Wọn á rojọ́, wọn á kùn, ṣùgbọ́n wọn á dúró.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò gba ìkánjú. Bí irinṣẹ́ bá ti dé nínú ike ọṣẹ, á fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, eyín eyín, oríkèé oríkèé. Á nù wọ́n, á kà wọ́n, á fi aṣọ ìlọ́po méjì dì wọ́n, á sì fi téèpù funfun tó ní ilà dè wọ́n. Ilà ara téèpù yẹn máa ń di dúdú bí ooru bá ti kàn án. Ṣùgbọ́n ìta ni téèpù wà. Ó lè dúdú kí inú ẹrù ṣì tutù. Nítorí náà, ó máa ń di ẹrù kékeré kan mọ́ ọn nígbàkigbà tó bá ń kó ẹrù sínú ìkòkò, á sì ki ìrẹ́pé ìwé kan bọ agbedeméjì ikùn rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹrù kékeré yẹn ni á kọ́kọ́ tú. Bí ìrẹ́pé ìwé náà bá dúdú bí èédú, ó jinná nìyẹn. Á lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé ńlá, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí yìí gba àlàyé. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ látàárọ̀. Bí kò bá sí nínú ọṣẹ, ó wà nínú ìbọ̀wọ́ tí ooru ti mú kó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tí omi ti ba ojú ewé bíi mẹ́rin jẹ́ tí yíǹkì sì ti ṣàn síra wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí gbogbo ìlà ọjọ́ náà ní àárọ̀ kùtù, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbẹ, kí ìkòkò kankan tó gbóná. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò rí i bí irọ́. Ẹrù tí ò jinná kì í jáde lọ́wọ́ òun, kí ló wá kù? Gbogbo ẹni tó ń wọ yàrá náà ló rí i, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé kò dára.

Ìgbà tó yá ni wọ́n gbé ọ̀gá tuntun dé. Kì í ṣe dókítà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta fíríìjì ló ti ṣe máníjà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo, kì í bú ènìyàn, “Màmá” ló sì ń pe obìnrin gbogbo tó bá ti hewú. Kí oṣù kan tó pé, ó ti gbé férémù mẹ́ta kọ́ sí ara ògiri gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀: ÒTÍTỌ́. ÌTỌ́JÚ. ÌYÁRA.

Ìyá dúró wò wọ́n tòun ti ike irinṣẹ́ lọ́wọ́. “Ìkẹta yìí máa jẹ méjì yòókù tán láìpẹ́,” ló sọ. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Ṣẹ́ẹ́-Ṣẹ́ẹ́ nítorí pé ó máa ń fi ẹnu ṣe “ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́” bí ẹni ń tu ọmọ nínú bó bá ń sọ̀rọ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Iṣẹ́-abẹ mẹ́fà ni wọ́n ń ṣe lóòjọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá sọ ọ́ di mọ́kànlá. Ìyá nu ọwọ́ rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ bá a.

“Màmá wa! Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Kí ni mo lè ṣe fún yín?”

“Ọ̀gá, ìkòkò kan ló ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà ẹnu èkejì ti ya, mo ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹrù kan ń gbà kó tó jinná, kó sì tó gbẹ. Láti aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin, ẹrù mẹ́fà ni. Iṣẹ́-abẹ kan, ẹrù kan; mọ́kànlá lẹ kọ sílẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màmá, èmi ò mọ ẹyọ kan nípa ìkòkò. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi gbẹ́kẹ̀ lé yín. Ẹ bá wa wá ọ̀nà sí i.”

“Ọ̀nà wo? Ooru ò mọ̀ pé ẹ̀ ń kánjú.”

“Ẹ ṣáà wá ọ̀nà, Màmá.”

Bó ṣe ń ṣàkóso gbogbo ilé-ìwòsàn náà nìyẹn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó ṣe ohun tí kò dára. Ohun tó fẹ́ gbà ló máa ń sọ, á sì fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ. Bí o bá rí ọ̀nà tó mọ́, tirẹ̀ ni ìyìn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀gbin lo rí, ìwọ lo rí i.

Ara Ìyá fúnra rẹ̀ ni ó fi ṣe ọ̀nà. Aago márùn-ún àárọ̀ ló ń dé, aago méje ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń bá a fi omi gbígbóná rẹ ẹsẹ̀ nínú ike, á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Sè é dáadáa o, ò tíì jinná.” Oṣù mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń darí ilé-ìwòsàn kọ lẹ́tà ìyìn sí Ọ̀gá. Ẹnikẹ́ni ò rántí rọ́bà mọ́.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, Ọ̀gá pe gbogbo olórí ẹ̀ka sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan nínú gbọ̀ngàn. Ìwà òtítọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni àkòrí rẹ̀. Ìyá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró ti ìkòkò; wọ́n ní dandan ni. Ó dé ní aago márùn-ún, ó fọwọ́ sí ìlà mọ́kànlá bó ṣe máa ń ṣe, ó se ẹrù méjì, ó fi mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún Ṣẹ́ẹ́-Ṣẹ́ẹ́, ó sì lọ jókòó nínú gbọ̀ngàn. Olùkọ́ kan tó wọ kóòtù sọ fún wọn pé ẹni tó bá rí ohun tí kò tọ́ kó má ṣe dákẹ́. Ìyá kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bisikíìtì àti báàjì pélébé kan láti fi sí àyà.

Nígbà tó padà dé ní aago mẹ́rin, ìwé ńlá ti kún. Ìrẹ́pé ìwé mọ́kànlá ló lẹ̀ síbẹ̀ gbágbágbá, wọ́n gún régé ju tirẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ ní láti ṣírò wákàtí. Ó tẹrí ba, ó wò wọ́n, ó fi ìka kàn wọ́n. Mẹ́fà dúdú bí èédú. Márùn-ún ń dán, etí wọn sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí etí búrẹ́dì. Ojú ẹlòmíràn ì bá má rí ìyàtọ̀ yẹn.

“Kí lo fi ṣe èyí?”

Ṣẹ́ẹ́-Ṣẹ́ẹ́ wolẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo ní kí lo fi ṣe é?”

“Áyọ́ọ̀nù ni. Áyọ́ọ̀nù ilé ìfọṣọ. Mo fi lọ téèpù rẹ̀, mo fi lọ ìwé inú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo jẹ́ kí ẹrù gbóná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọ̀gá fóònù, Màmá. Dókítà ti fọwọ́, aláìsàn ti sùn. Mo ní ò tíì jinná. Ó ní kí n wá ọ̀nà.”

“Níbo ni ẹrù márùn-ún náà wà?”

Ṣẹ́ẹ́-Ṣẹ́ẹ́ nawọ́ sí ọ̀nà yàrá iṣẹ́-abẹ. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè wà. Wọ́n ti wọ inú ènìyàn márùn-ún, wọ́n sì ti jáde.

Ó gun àtẹ̀gùn lọ, báàjì ṣì wà láyà rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá bí ó ti rí. Ọ̀gá gbọ́ ọ títí dé òpin láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

“Ta ló fọwọ́ sí i, Màmá?”

“Èmi ni.”

“Hẹn-ẹn. Ẹ lọ sinmi. Ara yín ti rẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dákẹ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn láti kọ ọ́: ó dákẹ́. Ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń fọwọ́ sí ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, bí ọwọ́ tilẹ̀ tutù, bí yíǹkì tilẹ̀ ń ṣàn. Ó ń gbàdúrà pé kó má ṣẹlẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀. Obìnrin mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún náà, egbò wọn kẹ̀, ó ń rùn. Méjì jàjàbọ́ lẹ́yìn tí wọ́n tún wọn là. Ẹnì kẹta, olùkọ́ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, kú ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń gbé omi wíwẹ̀ rẹ̀ bọ̀ lọ́nà.

Ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé-ìwòsàn ní àwọn máa wádìí. Kó tó di ọjọ́ ìwádìí, ọ̀rọ̀ ti gba gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ kan pé nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni kì í fọwọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìyá bá nọ́ọ̀sì awẹgbò náà nídìí ẹ̀rọ omi, tó ń fọ ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ bó o.

“Màmá, ẹ wò ó.” Ó na ọwọ́ méjèèjì jáde. Ọṣẹ ti là wọ́n, gbogbo oríkèé ìka rẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀. “Ṣé ọwọ́ ẹni tí kì í fọwọ́ nìyí? Wọ́n ní bí wọ́n bá lé mi, wọ́n á gba ìwé-ẹ̀rí mi. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Baba wọn ò sí nílé. Kí ni mo ṣe fún wọn?”

Ìyá di ọwọ́ náà mú. Kò lè wo ojú rẹ̀.

Nílé, ọkọ rẹ̀ gbọ́ gbogbo ẹjọ́, ó gbé ife omi kalẹ̀. “Oṣù mẹ́jọ ló kù kí o fẹ̀yìn tì.”

“Mo mọ̀.”

“Àbí ìwọ lo lọ àwọn ìwé yẹn ní áyọ́ọ̀nù?”

“Ọwọ́ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀.”

“Ọwọ́ tó o fi síbẹ̀ nígbà tí nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀! Ìyàwó mi, pa ẹnu rẹ mọ́. Bó o bá sọ̀rọ̀, ìwọ nìkan lo máa rù ú. Wọn ò ní bá ẹ rù ú dé àbọ̀.”

“Obìnrin yẹn ló ń rù ú lọ́wọ́ báyìí.”

Ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó lọ gbé ike ẹsẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìwádìí, Ọ̀gá ránṣẹ́ pè é. Ó fa àga fún un fúnra rẹ̀, ó bu omi fún un.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ilé-ìwòsàn yìí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹrẹ̀ yí yín lára nígbà tó ku díẹ̀.”

“Ọ̀gá, ẹ̀ ń sọ pé kí n parọ́ ni?”

Ojú rẹ̀ fà ro, bí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. “Èmi? Láéláé! Ẹ ò lè gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu mi. Ohun tí wọ́n bá bi yín ni kí ẹ dáhùn, kí ẹ sì sọ òtítọ́.” Ó fi ìka to bébà orí tábìlì dọ́gba. “Wọn ò kàn ní bi yín ní púpọ̀ ni.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn, obìnrin onígò ojú kan ló ṣe alága. Nọ́ọ̀sì awẹgbò jókòó sí igun, ó fi ìbòrí bo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ìwé ńlá síwájú Ìyá.

“Ṣé ìbuwọ́lùwé yín nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ lè máa lọ.”

Kò dìde. Alága gbójú sókè.

“Ẹrù irinṣẹ́ márùn-ún ọjọ́ náà ò jinná,” ni Ìyá wí. “Awẹgbò ò ní ẹ̀bi.” Ó ṣí ìwé náà sí ọjọ́ mìíràn, ó tún un ṣí sí ọjọ́ yẹn. “Ẹ wo èyí. Ẹ wá wo èyí. Èyí dúdú kan inú. Èyí ń dán, etí rẹ̀ pọ́n: áyọ́ọ̀nù ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ìkòkò kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́-abẹ mọ́kànlá ni wọ́n kọ. Kò lè jinná. Mo sọ fún Ọ̀gá pé kò lè jinná.”

Fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀mejì, ó rò pé ó ti tán.

Alága bọ́ ìgò ojú rẹ̀. “Ẹ dúró ná, Màmá. Gbọ̀ngàn lẹ wà lọ́jọ́ yẹn. Báwo ni ọwọ́ yín ṣe dé ibí?”

“Àárọ̀ ni mo ti fi síbẹ̀.”

“Kí wọ́n tó sè é?”

“Kí wọ́n tó sè é.”

“Ọjọ́ yẹn nìkan?”

Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò lè já a nírọ́.

“Ọdún mọ́kànlá,” ló wí.

Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, kò sẹ́ni tó tún béèrè nípa ìkòkò. Ọdún mọ́kànlá ni gbogbo wọn ń sọ. Wọ́n ka ojú ewé, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń kọ̀wé. Wọ́n pe Ṣẹ́ẹ́-Ṣẹ́ẹ́ wọlé, wọ́n bi í bóyá ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un pé kó lo áyọ́ọ̀nù. Ó ní rárá, wọ́n ní kí òun wá ọ̀nà ni. Alága kọ “rárá” sílẹ̀, ó fi kálàmù fa ìlà sí i nídìí. Ọ̀gá jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán, ìbànújẹ́ sì hàn lójú rẹ̀ lóòótọ́. Mo gbà pé ó dùn ún. Irú wọn kì í parọ́ ìbànújẹ́.

Wọ́n lé Ìyá láìsí owó ìfẹ̀yìntì, pé ó fọwọ́ sí iṣẹ́ tí kò tíì ṣe. Òótọ́ sì ni. Wọ́n gbé Ṣẹ́ẹ́-Ṣẹ́ẹ́ lọ máa ṣọ́ géètì. Ọ̀gá kọ ìwé ká gbogbo ẹ̀ka pé ilé-ìwòsàn yìí kò ní fàyè gba èké, ẹni yòówù kó ṣe é, bó ti wù kó ti pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìdúróṣinṣin rẹ̀. Wọ́n dá nọ́ọ̀sì awẹgbò láre. Ìyá olùkọ́ tó kú gba lẹ́tà kan tó kún fún ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn, orúkọ Ìyá Ò-Tíì-Jinná sì wà nínú rẹ̀. Orúkọ ẹlòmíràn ò sí níbẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹnì kan kanlẹ̀kùn ilé káfíńtà lọ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì awẹgbò ni. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá fà á dìde.

“Màmá, ẹ dárí jì mí pé mi ò wá látijọ́. Wọ́n ní kí a má ṣe bá yín sọ̀rọ̀.”

“Jókòó. Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà.” Ó jókòó sí etí àga. “Wọ́n ti gbé mi sí yàrá yín.”

Ìyá fa àga tirẹ̀ súnmọ́ ọn.

“Mo wá béèrè bí ènìyàn ṣe ń mọ èyí tó jinná.”

Ìyá ṣe àlàyé fún un, ó lọ́ra, ó tún ohun kọ̀ọ̀kan sọ lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin náà ń kọ ọ́ sẹ́yìn àpò ìwé kan. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Rọ́bà ẹnu ìkòkò kejì ńkọ́?” Ìyá ló béèrè.

“Kò tíì dé.”

“Iṣẹ́-abẹ mélòó lóòjọ́?”

“Mẹ́tàlá.”

“Ta ló wá ń fọwọ́ sí i?”

“Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ sí nǹkan mọ́, Màmá. Wọ́n ní kí irú tiyín má tún ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣe òǹtẹ̀. Dúróà Ọ̀gá ló ń gbé. Wọ́n máa ń tẹ ojú ewé náà lókè láràárọ̀, kí wọ́n tó gbé e sọ̀kalẹ̀ fún mi.”

Ọkọ Ìyá, tó ń kan ẹsẹ̀ àga kan lẹ́yìn ilé, dáwọ́ dúró. Ó ti gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rín tí kò dùn, ó sì tún gbé òòlù.

Nọ́ọ̀sì náà ń wo Ìyá lójú. “Àná, wọ́n fóònù. Wọ́n ní kí n wá ọ̀nà. Màmá, ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe?”

Ìyá mọ ohun tó yẹ kí òun sọ. Ó wà ní ẹnu rẹ̀ gan-an: gun àtẹ̀gùn lọ, sọ pé ò tíì jinná, jẹ́ kí wọ́n lé ẹ. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà lórí itan rẹ̀. Wọ́n ti san. Awọ tuntun ti bo gbogbo oríkèé. Nítorí kí obìnrin yìí má baà pàdánù iṣẹ́ ni òun ṣe pàdánù tòun. Báwo ni òun ṣe tún máa wá ní kó lọ jù ú nù?

“Ọmọ mẹ́rin ni o, Màmá,” ni nọ́ọ̀sì náà wí, bí ẹni pé Ìyá ti sọ ọ́ jáde.

“Mo gbọ́.”

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí òòrùn fi kúrò lára ògiri. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà dìde, Ìyá sìn ín dé ojú títì, ó ní kó kí àwọn ọmọ, ó sì padà wọlé láì tíì dá a lóhùn.